Ojú tí Mo Fi Abẹ Họ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí tọmọdé tàgbà Ṣakí ń pè ní Bàbá Fọ́tò,

Mo kí yín láti ìdí tábìlì yín. Orí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ni mo wà, mo sì ti ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ọyẹ́ ti dé. Eruku pupa ti bo pátákó ẹnu ọ̀nà débi pé orúkọ yín kò hàn mọ́, àfi fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo nù ún láàárọ̀ yìí. Kò tó ọ̀sán tó fi tún pọ́n. Mo ti pààrọ̀ káfúrà inú àwọn àpótí kí aáyán má baà wọlé. Ohun gbogbo wà níbi tí ẹ fi í sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò dùn ún sọ. Nítorí náà n ó tò ó bí mo ti máa ń to nǹkan, kí inú tó ń bí mi má baà dà á rú. Inú ń bí mi, Bàbá. Kì í ṣe ìbínú tí ń pariwo. Ẹ mọ irú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí olúkúlùkù wá ibi forí pamọ́ sí. Bọ̀ọ̀dá Múfútáù ni mo kọ́kọ́ dojú ìbínú náà kọ. Nígbà tó yá, ó yí padà, èmi gan-an ló sì ń wò.

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín nínú yàrá yìí. Bí ẹnì kan bá jókòó síwájú kámẹ́rà yín tí ara rẹ̀ le bí igi, ẹ ó fi áńkáṣíìfù funfun nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ẹ ó sì wí fún un pé, "Má rẹ́rìn-ín, má fajú ro. Ṣe bí ẹni tí wọ́n ń kí láti òkèèrè, tí kò tíì mọ ẹni tó ń kí òun." Ojú ẹni náà á là. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ ó gbé fọ́tò fún un, yóò sì máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ìbátan tó ti pẹ́ tó ti rí gbẹ̀yìn.

Ẹ ha rántí ìgbà tí mo ti pólì tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò dé, tí mo bá gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù yín nínú agolo bisikíìtì àti páálí bàtà? Mo kígbe. Ojú àkọ́kọ́ tí a ti ń tẹ fọ́tò gbogbo ìlú jáde ni ẹ kó jọ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbé agolo kan fún mi, ẹ gbé òmíràn fún ara yín, a sì jókòó tì í títí ìsinmi fi parí. Èmi fẹ́ kí a tò wọ́n ní ọdún àti nọ́ńbà. Ẹ̀yin fẹ́ kí a tò wọ́n ní agboolé, nítorí pé ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kò mọ ọdún, ilé ló mọ̀. A ṣe méjèèjì. Agboolé ló di àpótí, ọdún àti nọ́ńbà sì wà lára àpò bébà kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn nígbà náà ju bí mo ti jẹ́ kí ẹ mọ̀ lọ.

Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ohun tí ayàwòrán ń fẹ́ ti yé mi, kò sì pọ̀. Bí opó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń sunkún, ó ń fẹ́ kí ọwọ́ òun ti bà lé ojú ọkọ rẹ̀ kí obìnrin náà tó pe orúkọ rẹ̀ tán. Bí ó bá sì ti tún ojú kan ṣe títí tó fi dán, ó ń fẹ́ kí ojú ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbìkan tí òun lè padà lọ bá a.

Nítorí èkejì yìí ni ẹ kì í fi í jẹ́ kí abẹ kan nẹ́gẹ́tíìfù. Pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ lẹ fi ń tún ojú ṣe: ibi tí rorẹ́ wà, ibi tí oorun kò ti tó, ẹ ó máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ níwájú iná. Pẹ́ńsù ṣe é nù. Òwú àti sipíríìtì díẹ̀, ojú á padà sí bí Ọlọ́run ti dá a. Ṣùgbọ́n ohun tí abẹ bá họ kúrò, kò sí níbì kankan mọ́.

Èmi ni mo lọ kọ́ abẹ. Ní iléeṣẹ́ ìjọba tí mo wà n'Íbàdàn, iṣẹ́ mi ni kí n tún ojú àwọn ọ̀gá ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ló kọlà. Púpọ̀ ni kò sì fẹ́ kó hàn. Mo ti bọ́ pélé, mo ti bọ́ gọ̀ǹbọ́, mo ti bọ́ àbàjà, tí ojú olówó wọn fi jọ ẹyin tí a bó. Ojú tèmi ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́ náà. Láti ọdún tí mo ti wọ pólì, kò sí fọ́tò mi kan tí ilà tí ẹ mú mi lọ kọ ti hàn. Ní ojúkojú, mo ń fi àtíkè bò ó. Nínú fọ́tò, mo ń họ ọ́ dànù.

Ẹ rí àwọn fọ́tò yẹn. Ẹ gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wò ó pẹ́, ẹ ní iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ náà, Bàbá? Ṣé ẹ ń rántí ohun tí ẹ ti sọ fún mi rí, pé ẹ̀yin lẹ di orí mi mú fún olóòlà, pé nígbà tó kan ilà ìsàlẹ̀ lápá òsì, igbe mi wọ̀ yín lára, ọwọ́ yín gbọ̀n, orí mi yẹ̀, ilà náà sì dúró ní ààbọ̀? Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Mo gbọ́, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Nínú gbogbo àpótí wa, ojú gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, tiyín nìkan ni kò sí. Ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ ti lo ayé yín. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, èyí tí mo fi tipátipá yà ní ọjọ́ tí mo fẹ́ fi bí wọ́n ti ń gbé iná kalẹ̀ ní pólì hàn yín. Ẹ jókòó, ara yín le bí igi. Mo mú áńkáṣíìfù yín, mo nu iwájú orí yín, mo sì fi ọ̀rọ̀ yín bá yín wí: kí ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n ń kí láti òkèèrè. Ẹ wò mí. Ojú yín là.

Nígbà tí ìròyìn bá mi n'Íbàdàn, mo wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Ọkọ̀ náà kú nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, a sì jókòó sínú eruku títí tí òmíràn fi kó wa. Kí n tó dé, wọ́n ti sin yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n n kò rí ojú yín. Nẹ́gẹ́tíìfù yẹn, tí n kò tíì tẹ̀ jáde rí, ló kù fún mi.

Bọ̀ọ̀dá Múfútáù dé láti Èkó nígbà tí fídáù ogójì ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Àkọ́bí yín ti sanra sí i. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé fọ́tò yìí, kò wọlé, kí eruku má baà ba bàtà rẹ̀ jẹ́.

"Mò ń fẹ́ fọ́tò Bàbá, ńlá, tí a ó gbé kọ́ síwájú ibi àdúrà. Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ láti Èkó. Àmọ́ bá mi bọ́ ilà yẹn kúrò."

"Ilà wo?"

"Ilà ojú wọn. Kí àwọn èèyàn má baà rò pé ará oko ló bí mi."

"Ará oko ló bí yín, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣebí ìwọ náà ń bọ́ tìrẹ. Àbí kì í ṣe ohun tí o fi ń jẹun n'Íbàdàn nìyẹn?"

"Mo gbọ́," ni mo wí, jẹ́jẹ́.

Ẹ mọ ohun tí "mo gbọ́" mi túmọ̀ sí. Mo pinnu pé n ó ṣe é dáadáa, dáadáa ju bó ti rò lọ, kí ojú lè tì í nígbà tó bá rí ohun tó bèèrè. Fíìmù tí mo lè fi ya ẹ̀dà nẹ́gẹ́tíìfù náà ti tán nílé. Bí mo bá ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, ọjọ́ kejì ni yóò dé ọwọ́ mi. Àyè wà. Kò sí ẹni tó ń lé mi. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n dúró. Pẹ́ńsù kò sì ran ilà yín. Ó jìn, etí rẹ̀ ga, ìmọ́lẹ̀ tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ sì bà lé e. Mo mú abẹ.

Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, Bàbá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọwọ́ yín gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń kọ ilà sí mi lójú. Ọwọ́ tèmi kò gbọ̀n nígbà tí mo ń họ tiyín kúrò. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi bí mo ti rí i tó ń lọ, bí iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe ti máa ń dùn mọ́ ọn. Nígbà tí mo họ ọ́ tán, mo fi pẹ́ńsù tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo tẹ fọ́tò ńlá méjì jáde, ọ̀kan fún férémù, ọ̀kan fún ìpamọ́. Bọ̀ọ̀dá wò ó. Ojú kò tì í rárá. Ó ní, "Iṣẹ́ rèé!"

Lọ́jọ́ fídáù, a gbé férémù náà kọ́ sára ògiri níwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n sì ń kọjá lọ jókòó. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n yín obìnrin dé láti Òfìkì. Ìyá Òfìkì kò tíì jókòó, ọ̀pá wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi dúró síwájú férémù.

"Ta ni Alájì tí ẹ gbé kọ́ síbí yìí?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Bàbá ni."

"Bàbá ta?"

"Bàbá wa. Àbúrò yín."

"Àbúrò mi tí mo pọ̀n kọ́ nìyí. Ẹni tó ń ta mọ́tò l'Ékòó nìyí. Ẹ ti fún un lómi mu? Àlejò ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí i pé ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tú ìborùn orí wọn, wọ́n fi bo fọ́tò náà láti òkè dé ilẹ̀, bí a ti ń bo ẹni tó wà ní ìhòòhò.

"Múfútáù, ẹ máa ṣàdúrà yín. Ẹni tí ẹ ń ṣe é fún kò sí lórí ògiri yìí."

Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ì bá sàn kí wọ́n wò mí.

Bí àwọn àlejò ti ń jẹun, mo sá wá síbí. Mo fi òwú àti sipíríìtì nu pẹ́ńsù kúrò lára nẹ́gẹ́tíìfù. Mo rò pé ilà yóò tún yọjú, ó kéré tán ojú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò, àpá dúdú kan ló bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín méjèèjì, bí ẹni tí iná jó; ibi tí abẹ bá họ lára nẹ́gẹ́tíìfù, dúdú ló ń tẹ̀ jáde. Mo jókòó tì í. Ì bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan wà láyé tí ènìyàn lè fi tún ojú ṣe lórí ohun kan tó mọ́ gaara bíi omi, tí a tẹ́ lé ojú náà, tí a lè ká kúrò bí inú tó ń bíni bá ti rọ̀! Ohun tí gbogbo oníṣẹ́ wa ń fẹ́ nìyẹn, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Kò sí i. Pẹ́ńsù yín nìkan ló sún mọ́ ọn, èmi ni mo sì fò ó dá.

Mo pinnu láti fi pẹ́ńsù kọ ilà náà padà sórí fọ́tò ńlá kejì tí mo fi pamọ́. Mo gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Mo gbé e sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé n kò mọ iye tó jẹ́. Mo mọ̀ pé àbàjà ni, ó sì dùbúlẹ̀ ní ìbú. Mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin? Mo bi télọ̀ òdìkejì wa. "Mẹ́ta ni." Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú ilé: "Mẹ́ta kẹ̀? Ìwọ tí o kò mọ iye bọ́tìnnì tó wà lára bùbá tí o rán lánàá! Mẹ́rin ni." Bọ̀ọ̀dá Múfútáù ní kí n fi í sílẹ̀ bó ti wà. Èmi tí mo fi nọ́ńbà sí ojú gbogbo agboolé, n kò lè sọ ohun tó wà lójú bàbá mi. Ìgbà wo ni mo wò yín gbẹ̀yìn, Bàbá, tí kì í ṣe bí ẹni tó ń wo ohun tó yẹ kí a tún ṣe?

Mo lọ bá Ìyá Òfìkì ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀pà ni wọ́n ń pa. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilà ojú Bàbá, ṣé mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin?"

Ọwọ́ wọn dúró. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ọmọ yìí, kò sí díńgí nílé yín ni?"

Mo wo èèpo ẹ̀pà tó wà nílẹ̀.

"Mo ní ṣé kò sí díńgí? Ta lo rò pé ó ni èyí tó wà lójú rẹ? Àbí ọjà Ṣakí lo ti rà á?" Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀pà. "Dìde níwájú mi, kí o lọ nu ẹfun yẹn kúrò lójú."

Díńgí àwọn oníbàárà yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú òòyà tí ẹ so okùn mọ́. Mo fi áńkáṣíìfù yín nu àtíkè kúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo díńgí kìkì láti mọ ibi tí n ó bò. Mẹ́rin ni, Bàbá. Mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, etí rẹ̀ ga díẹ̀ bíi ti yín. Kò sí fọ́tò mi kan tó lè ràn mí lọ́wọ́, nítorí mo ti họ gbogbo wọn. Díńgí ló kù. Mo gbé fọ́tò yín sábẹ́ rẹ̀, mo ń wo òkè, mo ń kọ nísàlẹ̀, títí dé ilà kẹjọ.

Mo gbé e lọ fún Ìyá Òfìkì. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró wọn kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbé e fara ti ògiri, wọ́n sì sún àga wọn síwájú rẹ̀.

"Ìwọ náà rèé," ni wọ́n wí fún yín. "O wá dákẹ́. O mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ, o sì gba iwájú mi kọjá. Bí o ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn."

Mo fi yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ èébú yín.

Bọ̀ọ̀dá ti gbé férémù rẹ̀ lọ sí Èkó. Ó ti gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọkùnrin kan ń bẹ níbẹ̀ báyìí tí wọ́n ń fi orúkọ yín pè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pè ní bàbá àgbà, tí kò sì jọ ẹnì kan lágboolé wa. Inú ń bí mi sí bọ̀ọ̀dá, n kò sì ní purọ́ pé ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ló bèèrè. Kò mọ ohun tí abẹ ń ṣe. Èmi mọ̀.

Ìyá Òfìkì padà sílé lánàá, wọ́n fi fọ́tò náà sílẹ̀ fún mi. Mo ti ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún yín láàárín àwọn àpótí agboolé. Kí n tó gbé yín sínú rẹ̀, mo tún yín gbé síwájú iná gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń yẹ iṣẹ́ wò nígbà ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ilà ìsàlẹ̀ kan dúró ní ààbọ̀. Èyí tí igbe mi gé kúrú ni. Mo ti kọ ọ́ sí yín lójú pẹ̀lú àwọn yòókù, n kò sì fura. Díńgí sì ti yí i padà: lápá òsì ló wà lójú tèmi, lápá ọ̀tún ló bọ́ sí lójú yín, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá dojú kọ ara wọn.

Pẹ́ńsù ni. Ó ṣe é nù. Òwú wà lọ́wọ́ mi, sipíríìtì sì wà nínú ìgò. Ṣé kí n fà á dé ibi tó yẹ kó dé, Bàbá, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀, n kò tíì fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ọwọ́ yín gbọ̀n nítorí rẹ̀.